Ìwé ìbí ọdún 1977: bí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ará Kétu ṣe rí orúkọ rẹ̀

Gbogbo ọjà Assena ní Kétu ló mọ̀ ọ́n sí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Orúkọ yẹn náà ni màá lò, nítorí kò fẹ́ kí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ jáde sí gbangba. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló dáwó jọ pé kí ìyá àwọn lọ sí Mẹ́kà. Owó pé, ẹni tó ń kó èrò lọ ti gba orúkọ rẹ̀, ó wá ku pásípọ́ọ̀tì. Níbi pásípọ́ọ̀tì ni wọ́n ti béèrè ìwé ìbí, èyí tó ti wọ inú ẹ̀rọ ANIP, àjọ tí ìjọba Benin gbé ìdánimọ̀ ọmọ ìlú lé lọ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kò ní in.

Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé wa kò sì jìnnà síra. Ẹni tí ìwé bá rú lójú ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá kí n bá a ka Faransé inú rẹ̀. Bí mo ṣe bá ọ̀rọ̀ yìí rìn nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí ọ̀nà tí ìyá yìí tọ̀, ọ̀pọ̀ ará Kétu tí wọ́n bí ṣáájú 1990 ni yóò ṣì tọ̀ ọ́. Tí wọn kò bá mọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀, owó mọ́tò ni yóò jẹ wọ́n tán. Ìwé ìbí kì í tẹ̀lé ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ìjọba tó wà níbẹ̀ lọ́dún tí wọ́n kọ ọ́ ló ń tẹ̀lé.

Inú àpótí ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni ìwé náà wà. Wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé e, wọ́n tún fi òwú dì í. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rí i nígbà tó ń wá aṣọ òkè kan. Ewé ìwé kan ṣoṣo ni, ó ti pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Lókè pátápátá, wọ́n tẹ République Populaire du Bénin. Lábẹ́ rẹ̀ ni Province de l'Ouémé, lábẹ́ ìyẹn ni District de Kétou, orúkọ commune kan tí n kò ní dá sì tẹ̀lé e. Gègé aláwọ̀ búlúù ni akọ̀wé fi kọ ìyókù: oṣù kẹwàá ọdún 1977, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá jẹ́ àgbẹ̀, orúkọ ìyá. Òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀, maire, ìyẹn olórí commune, ló fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà ìwé náà ló ṣòro, nítorí ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ po gan-an ló bọ́ sí. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ nìkan ló ṣì ṣeé kà.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá tó tọ́jú ìwé yẹn. Kò mọ̀wé kà, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ọkùnrin, mẹkáníìkì ni, ló kọ́kọ́ ka ìwé náà. Ojú rẹ̀ lọ síbi Ouémé. Ta ni kò mọ̀ pé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni olú ìlú Ouémé? Kí wọ́n tó sọ fún mi rárá, òun àti ìyá rẹ̀ ti wọ tákísí ní ìdájí, wọ́n gba Pobè, wọ́n gba Sakété, wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, wọ́n béèrè ọ̀nà mérì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Obìnrin tó dá wọn lóhùn níbẹ̀ kọ́kọ́ kí wọn ní Gùn. Ìgbà tó gbọ́ bí wọ́n ṣe dáhùn ló yí i sí Yorùbá. Ó tẹjú mọ́ ìwé náà dáadáa.

“Màmá, ẹ kú ọ̀nà o. Àwọn tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ níbí ni ìwé wọn wà lọ́dọ̀ wa. Kétu ni wọ́n ti kọ tiyín.”

“Ṣé Ouémé kọ́ ló wà lórí rẹ̀ ni?”

“Ouémé ayé ìgbà yẹn ni, màmá. Ẹ padà sílé, ẹ lọ béèrè ní mérì yín.”

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, ọmọ náà ní kí àwọn yà ní Pobè, torí ibẹ̀ ni píréfẹ́ wà, aṣojú ìjọba ní Plateau, ẹkùn tí Kétu wà lónìí, òun sì ni gbogbo mérì Plateau ń jábọ̀ fún. Wọ́n yà. Wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé ojú ni píréfẹ́ fi ń ṣọ́ iṣẹ́ àwọn mérì, kì í kọ ìwé ìbí fún ẹnikẹ́ni. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ìwé náà wá bá mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé Ouémé ayé ìgbà yẹn. Mathieu Kérékou gbàjọba ní oṣù kẹwàá 1972. Ní 1974, ìjọba ológun rẹ̀ tún ilẹ̀ Dahomey pín sí province mẹ́fà: Ouémé, Atlantique, Mono, Zou, Borgou àti Atacora. Abẹ́ province ni district wà, abẹ́ district ni commune wà, abẹ́ commune ni abúlé. Kétu di district lábẹ́ Ouémé, Àjàṣẹ́ sì ni olórí Ouémé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975, wọ́n pa orúkọ Dahomey rẹ́, orílẹ̀-èdè náà wá di République Populaire du Bénin títí di 1990. Ìgbà náà ni province di département, tí district Kétu sì di sous-préfecture. Nítorí náà, Dahomey ló wà lórí ìwé ẹni tí wọ́n kọ tirẹ̀ ní 1973, République Populaire ni ti ẹni 1977, République du Bénin àti sous-préfecture ni ti ẹni 1992. Ẹni tó bá mọ èyí, kó ṣáà wo orí ìwé, yóò mọ ìgbà tó jẹ́ kó tó wo ọjọ́ ìbí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1999 dé. Òun ló pín département mẹ́fà sí méjìlá. Wọ́n gé Plateau kúrò lára Ouémé, wọ́n kó Kétu, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè sínú rẹ̀. Òfin yẹn náà ló mú kí ará ìlú máa dìbò yan àwọn tó ń ṣèjọba kọ́múùnù wọn. Commune mẹ́tàdínlọ́gọ́rin (77) ló wà ní gbogbo Benin. Nígbà náà, Àjàṣẹ́, Kútọnu àti Parakou ló ní ipò àrà ọ̀tọ̀, Kétu wà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìbò àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2002, àwọn ìgbìmọ̀ sì jókòó ní 2003. Síbẹ̀, Plateau kò ní píréfẹ́ tirẹ̀ títí di 2016. Píréfẹ́ kan náà ló ń wo òun àti Ouémé láti Àjàṣẹ́. Ẹ ò rí i pé mẹkáníìkì wa yẹn kò ya òmùgọ̀. Àjàṣẹ́ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà pé gbogbo ìwé pàtàkì ń lọ.

Èyí tó wá ń dojú ọ̀rọ̀ rú jù ni pé commune orí ìwé 1977 kì í ṣe ẹgbẹ́ commune òní. Ti ìgbà yẹn kéré, òun ló di arrondissement, ẹ̀ka kékeré lábẹ́ commune òní. District ìgbà yẹn ló wá di commune tí mérì ń darí báyìí. Maire tó fọwọ́ sí ìwé Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, olórí arrondissement la bá máa pè é lónìí. Mẹ́fà ni arrondissement Kétu: Kétou fúnra rẹ̀, Adakplamè, Idigny, Kpankou, Odométa àti Okpométa. Ẹni tó bá ní ìwé àtijọ́ lọ́wọ́, ìlà kẹrin lókè ìwé náà ni kó kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni orúkọ ibi tí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìbí àwọn ọmọ sí wà.

Àwọn kan á sọ pé mérì jẹ́ ohun tuntun. Àṣẹ kọ́ ni tuntun ní Kétu. Alákétu ló ni ín kí Faransé tó dé, ìdílé ọba márùn-ún ló ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, odi yí ìlú ká, Àkàbà Ìdẹ́nà tó jẹ́ ẹnubodè rẹ̀ sì ṣì dúró títí dòní. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dahomey fọ́ ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Abomey. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó kù tó rọ́nà padà wálé, tí wọ́n tún ìlú kọ́. Wọ́n jẹ Alákétu padà, àmọ́ àṣẹ kò padà sọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Faransé sọ Kétu di canton, ẹ̀ka ìṣàkóso wọn kan, owó orí ni wọ́n sì ń wò lójú canton. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìbí bàbá bàbá rẹ̀ láti ayé yẹn, kó má da ara rẹ̀ láàmú púpọ̀. Inú ìwé owó orí ni orúkọ bàbá náà wà, tó bá wà níbì kankan.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí mérì Kétu. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà, owó ìsọ̀ ọjà àti ti ibùdókọ̀, kíkọ́ yàrá ìkàwé fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ omi, ọ̀nà abúlé, ìdọ̀tí ìlú. Láti ọjọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ti ń tajà ló ti ń san owó ìsọ̀. Kò kàn wá sí i lọ́kàn rí pé òun náà lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó náà ni.

Ẹnìkan ti gbà á nímọ̀ràn pé kó má wulẹ̀ dúró níwájú akọ̀wé, kó kọjá lọ bá maire fúnra rẹ̀. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Òfin ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2021 ti yí iṣẹ́ ilé náà padà. Maire ṣì ni olórí ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn, ṣùgbọ́n secrétaire exécutif ló ń darí àwọn òṣìṣẹ́, òun ló sì ń fọwọ́ sí ìnáwó. A kì í dìbò yan ẹni yẹn. Inú àkójọ orúkọ tí ìjọba ní lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń fi kèké mú un. Ní tèmi, òfin náà ti dín “mo mọ maire” kù, ìyẹn sì dára. Ohun tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ẹni tí owó ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní wá bẹ̀ wá fún ìbò lọ́jọ́ kankan. Ìwé ìbí ní tirẹ̀ kò kúrò níbi tó wà: maire àti olórí arrondissement ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé tó ń mójú tó ìwé ìbí wo ìlà kẹrin yẹn, ó ní, “Màmá, ẹ lọ sí arrondissement yín. Ibẹ̀ ni ìwé ńlá náà wà. Ẹ sọ ọdún àti oṣù fún wọn, nọ́ńbà ò pọndandan.” Ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

A gun zẹ́míjàn (ọ̀kadà) lọ sí arrondissement. Akọ̀wé ibẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́. Àwọn ìwé ńlá ọdún àtijọ́ wà níbẹ̀, okùn ni wọ́n fi di wọ́n ní méjì-méjì. 1975 wà, 1976 wà, 1978 wà. 1977 náà wà, àfi pé nígbà tó gbé e sórí tábìlì, erùpẹ̀ ikán dà sílẹ̀ látinú rẹ̀. Ó rọra ń ṣí i. Oṣù kìíní, oṣù kejì, títí dé oṣù karùn-ún, ó ṣeé kà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn ìwé tó le nìkan ló kù àti àwọn etí ewé tó rí bí ajere. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ na ọwọ́ kan wọ́n, ó fà á padà.

Akọ̀wé náà kọ ìwé kan fún wa, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, pé ìdajì ìwé ńlá ọdún náà ti bàjẹ́. Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹlòmíì ì bá ti sọ pé “kò sí” lásán kó sì lé wa lọ. Bó ṣe ń wá òǹtẹ̀, mo rí páálí ńlá kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọdé ló kún inú rẹ̀. Ìyá bímọ ní ilé ìgbẹ̀bí, agbẹ̀bí kọ orúkọ ránṣẹ́, wọ́n kọ ìwé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó wá gbà á. Ọdún tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré wá, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yapa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́tókọpì lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní wàhálà kò sí: kí màmá ṣáà sọ fún adájọ́ pé wọn kò kọ orúkọ òun sílẹ̀ rí, kó gba jugement supplétif, ìyẹn ìwé tí ilé ẹjọ́ máa ń fún ẹni tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ó yá ju èyí tí à ń wá lọ, bó ṣe sọ. Mo kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ rí, ìwé wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá lọ búra pé wọn kò kọ òun, irọ́ ló pa níwájú adájọ́, ó sì ti bí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ tí ìwé àkọ́kọ́ bá yọjú, èwo ni yóò mú? Ìwé tó bàjẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Àtúnkọ ni wọ́n ń bẹ ilé ẹjọ́ fún.

Àtúnkọ sì nílò ẹ̀rí tó dájú. Kì í ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo ni òfin ń jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé ìbí sí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ òbí, ọ̀kan ń jókòó síbi tí wọ́n ti kọ ọ́, ọ̀kan ń lọ sí ilé ẹjọ́. Lónìí, ilé ẹjọ́ Pobè ló ń gbọ́ ẹjọ́ Kétu. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Pobè kò tíì pẹ́. Ní 1977, abẹ́ ilé ẹjọ́ Àjàṣẹ́ la wà. Bí a ṣe tún wọ tákísí padà sí ìlú tí wọ́n ti dá ìyá náà padà nìyẹn, lọ sí ilé mìíràn nínú ìlú kan náà. Ouémé orí ìwé náà kò parọ́ tán.

A kọ ìwé ìbéèrè, a so fọ́tókọpì ìwé àtijọ́ náà mọ́ ọn. Wọ́n ní ká padà wá. Ìgbà tí a padà, wọ́n ti rí i. Ẹ̀dà tiwọn mọ́, gègé búlúù náà ṣì tàn, nọ́ńbà pé pérépéré, èyí tó gbẹ̀yìn sì bá ti tiwa mu. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ìrísí ìwé rẹ̀. Ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí itan rẹ̀ nínú mọ́tò títí a fi dé Sakété.

Ní Pobè, adájọ́ gba ìwé àtijọ́, ìwé akọ̀wé arrondissement àti ẹ̀dà Àjàṣẹ́. Kò sí àríyànjiyàn, ó kàn gba sùúrù. Ìdájọ́ jáde, a gbé e lọ sí mérì Kétu, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ti ọdún yìí. Mo rò pé a ti parí.

ANIP ló kù. Láàárín ìparí 2017 àti 2018, ìjọba ka gbogbo èèyàn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba ìtẹ̀ka. RAVIP ni wọ́n pè é. Nígbà náà, ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ìwé ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, kò sì sẹ́ni tó ronú kàn án. Òṣìṣẹ́ tó ń kọ orúkọ bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Ó ṣírò rẹ̀ láti orí àkọ́bí rẹ̀, ó ní ó máa tó 1980. Wọ́n kọ 1980. Nítorí náà, nígbà tí 1977 dé ọ̀dọ̀ wọn látọ̀dọ̀ ilé ẹjọ́, ẹ̀rọ kò gbà pé ẹnìkan náà ni.

“Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò mi nìyí, ìka mi nìyí,” ló ń sọ fún mi. “Ṣé èmi kọ́ ni?”

A tọrọ àtúnṣe, a fi ìdájọ́ Pobè tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ló pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, àmọ́ ìdájọ́ náà ni agbára wa. Ká ní a tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin oní-fọ́tókọpì yẹn ni, ọjọ́ ìbí mẹ́ta ni à bá máa bá ANIP sọ. Nígbà tí ó gbà níkẹyìn, orí fóònù mẹkáníìkì ni ìwé ìbí tuntun náà wọlé sí, pẹ̀lú àmì dúdú-funfun onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà mélòó kan, ó fún ìyá rẹ̀ ní ọ̀kan. Kétu ni wọ́n kọ síbẹ̀, Plateau ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Àwọn èrò Mẹ́kà ọdún yẹn ti lọ. Ẹni tó ń kó wọn lọ gbà láti fi owó rẹ̀ dúró de ọdún tó tẹ̀lé e. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ gba pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ láìsí wàhálà mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni 1973, ti wá bá mi pé kí n bá òun náà wá tòun. A ti tú àpótí ìyá wọn dé ìdí, kò sí nǹkan. Ìwé ńlá 1973 wà ní arrondissement, ikán kò fọwọ́ kàn án, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Oko ni wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó lọ kọ ọ́. Òun ni jugement supplétif wà fún, Pobè la ó gbé e lọ tààrà, Àjàṣẹ́ kò kàn án. Ẹlẹ́rìí tó mọ ìgbà tí wọ́n bí i ni adájọ́ yóò béèrè. Àbúrò bàbá wọn obìnrin kan wà ní Ìlárá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí làákàyè rẹ̀ sì pé. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ bá a.